Bí A Ṣe Ń Wo Ife Àgbáyé Kríkẹ́ẹ̀tì Ọlọ́jọ́ Kan, Kí Ó sì Yéni Yékéyéké

Ní oṣù Ọ̀wàrà àti oṣù Bélú ọdún 2027, Ife Àgbáyé kríkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ kan ti àwọn ọkùnrin yóò padà sí ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 2003. Gúúsù Áfíríkà, Zimbabwe àti Namibia ni yóò gbà á lálejò, ikọ̀ mẹ́rìnlá ni yóò sì kópa níbẹ̀. Àǹfààní ńlá ni èyí jẹ́ fún àwa tí a wà ní Nàìjíríà, nítorí pé wákàtí kan péré ni aago Gúúsù Áfíríkà fi ṣíwájú tiwa. Nígbà tí wọ́n ṣe é ní Índíà ní ọdún 2023, àwọn eré kan wà tó jẹ́ pé aago mẹ́fà òwúrọ̀ wa ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ dáadáa, tó ti gbìyànjú láti wo kríkẹ́ẹ̀tì rí, ṣùgbọ́n tó pa tẹlifíṣọ̀n nígbà tí àwọn nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò yé e. Eré tó dùn gan-an ni, ẹni tó bá sì ti mọ ohun tó yẹ kí ojú rẹ̀ máa wá kì í fẹ́ dìde nídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí gbogbo ìyókù dúró lé. Ohun ìní méjì ni wọ́n fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú kríkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ kan: bọ́ọ̀lù 300 àti wíkẹ́ẹ̀tì 10, ìyẹn iye ìgbà tí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún un lè jáde kí ìgbá rẹ̀ tó parí. Iye rọ́ọ̀nù (bíi góólù nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀) tí ikọ̀ náà bá fi nǹkan méjèèjì yìí kó jọ ni yóò pinnu bí ọjọ́ náà yóò ṣe rí fún un. Bí ó bá kánjú jù, wíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yóò tán kí bọ́ọ̀lù tó tán. Bí ó bá sì ṣọ́ra jù, bọ́ọ̀lù yóò tán nígbà tí wíkẹ́ẹ̀tì ṣì kù rẹpẹtẹ láìlò. Gbogbo ohun tí ẹ ó máa rí, láti orí bí balógun ikọ̀ ṣe ń to àwọn ènìyàn rẹ̀ sórí pápá títí dé orí ìṣirò tí wọ́n ń ṣe nígbà tí òjò bá rọ̀, lórí ìwọ̀n láàárín ohun ìní méjèèjì yìí ló ń dá lé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí pápá

Ènìyàn mọ́kànlá ló wà nínú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ikọ̀ kan yóò kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, èkejì yóò máa jù ú, yóò sì máa ṣọ́ pápá, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá pààrọ̀ ipò. Oníbátì méjì, ìyẹn àwọn tó ń fi igi bátì gbá bọ́ọ̀lù, ló máa ń wà lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ní ìkángun kọ̀ọ̀kan ilẹ̀ tóóró tí wọ́n tẹ́ sí àárín, igi mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ sì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí oníbátì bá gbá bọ́ọ̀lù, tí àwọn méjèèjì sì sáré dé ìkángun kejì, rọ́ọ̀nù kan nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá yí nílẹ̀ kọjá okùn ààlà, rọ́ọ̀nù mẹ́rin ni. Bí ó bá fò kọjá rẹ̀ láì kanlẹ̀, mẹ́fà ni.

Ọ̀nà tí oníbátì fi ń jáde pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin ló wọ́pọ̀ jù. Bí bọ́ọ̀lù bá kọjá lára rẹ̀ tó sì kọlu igi ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti jáde. Bí ó bá gbá a sókè, tí ọ̀kan nínú àwọn alátakò sì hán an kí ó tó kanlẹ̀, ó ti jáde. Bí bọ́ọ̀lù tí ìbá kọlu igi bá ba ẹsẹ̀ rẹ̀, onídàájọ́ lè ní kí ó máa lọ. Èyí ló ń fa awuyewuye jù, òun náà ni wọ́n sì sábà máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ ayàwòrán tún wò. Ẹ̀kẹrin ni kí ó wà lórí ìrìn, kí àwọn alátakò sì ti fi bọ́ọ̀lù wó igi kí ó tó dé. Ìgbàkúùgbà tí oníbátì kan bá jáde, wíkẹ́ẹ̀tì kan ti ṣubú nìyẹn. Bí mẹ́wàá bá ti ṣubú, ìgbá ikọ̀ náà ti parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ṣì kù, nítorí pé oníbátì kan ṣoṣo kò lè dá dúró.

Mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù, mẹ́fà kọ̀ọ̀kan ni a sì ń pè ní ófà. Àádọ́ta ófà ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti gbá, ajùbọ́ọ̀lù kan kò sì gbọdọ̀ kọjá ófà mẹ́wàá. Nítorí òfin yìí, ikọ̀ gbọ́dọ̀ ní ajùbọ́ọ̀lù márùn-ún ó kéré tán, balógun ikọ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò fi ẹni tó múná jù pamọ́. Bí ó bá ti lò ó tán ní àárọ̀, kò ní rí i lò nígbà tí nǹkan bá gbóná ní ìparí. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ máa ka iye ófà tó kù fún ajùbọ́ọ̀lù tó léwu jù lọ, nítorí pé kíkà yẹn nìkan yóò jẹ́ kí ẹ mọ ìgbà tí àwọn oníbátì lè sinmi àti ìgbà tí wàhálà ṣì ń bọ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá jìnnà sí oníbátì jù, tàbí tí ajùbọ́ọ̀lù bá fi ẹsẹ̀ kọjá ìlà, ikọ̀ tó ń gbá yóò gba rọ́ọ̀nù kan lọ́fẹ̀ẹ́, wọn yóò sì tún bọ́ọ̀lù náà jù.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni eré yìí rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ófà 60 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan gbá nígbà tí ìdíje náà kọ́kọ́ wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1975, tí West Indies sì fi rọ́ọ̀nù 17 borí Ọsirélíà ní àṣekágbá ní pápá Lord's. Ọdún 1987 ni wọ́n sọ ọ́ di 50, nígbà tí Índíà àti Pakístánì gbà á lálejò. Aṣọ aláwọ̀ mèremère, bọ́ọ̀lù funfun àti eré abẹ́ iná alẹ́ wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1992, ní Ọsirélíà àti New Zealand.

Bí a ṣe ń ka nọ́ńbà

Lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó rí nǹkan bíi 241/4. Rọ́ọ̀nù ni nọ́ńbà àkọ́kọ́, wíkẹ́ẹ̀tì tó ti ṣubú sì ni èkejì. Àwọn ará Ọsirélíà máa ń gbé èkejì síwájú, wọ́n á kọ 4/241, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ó dà yín láàmú bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tiwọn ni ẹ ń wò. Iye ófà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í kà. Bí wọ́n bá kọ 46.5, ófà 46 àti bọ́ọ̀lù márùn-ún ni, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló kù kí ó pé ófà 47. Bí wọ́n bá ní ikọ̀ kan fi wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́fà borí, ikọ̀ tó gbá ṣìkejì ló borí, wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́fà ló sì kù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó kọjá iye tó ń lé. Bí ó bá jẹ́ rọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ka ìborí náà, ikọ̀ tó kọ́kọ́ gbá ló borí.

Ófà àádọ́ta náà pín sí ìpín mẹ́ta. Àyíká kan wà tí wọ́n fi àmì sí lórí koríko. Láàárín ófà mẹ́wàá àkọ́kọ́, alátakò méjì péré ló lè dúró lẹ́yìn àyíká yìí; láti ìkọkànlá dé ogójì, mẹ́rin; nínú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn, márùn-ún. Nítorí náà àyè gbòòrò fún rọ́ọ̀nù mẹ́rin ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn náà ni bọ́ọ̀lù ṣì le, tó sì ń yà kiri lójú afẹ́fẹ́, tí wíkẹ́ẹ̀tì sì máa ń tètè ṣubú. Òfin tuntun kan wà tí ẹni tó ti wo eré yìí tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀: láti oṣù Agẹmọ ọdún 2025, bọ́ọ̀lù méjì, ọ̀kan láti ìkángun kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n ń lò títí dé ófà 34, lẹ́yìn èyí ni ikọ̀ tó ń jù ú yóò yan ọ̀kan nínú méjèèjì tí wọn yóò lò dé ìparí. Bọ́ọ̀lù tó bá ti gbó kì í yára kúrò lára bátì mọ́, nítorí náà rọ́ọ̀nù ìparí kò rọrùn láti kó bíi ti tẹ́lẹ̀.

Àwọn ófà àárín, láti ìkọkànlá dé ogójì, ni ẹni tuntun máa ń kà sí àkókò oorun, bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ eré ti ń bàjẹ́ tàbí tí ó ti ń dára. Ẹ wo àṣekágbá ọdún 2023 ní pápá Narendra Modi ní ìlú Ahmedabad. Índíà ti borí nínú gbogbo eré mẹ́wàá tí wọ́n gbá ṣáájú ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ófà mẹ́wàá, 80/2 ni wọ́n wà, ìyára tó lè gbé wọn kọjá 300 nírọ̀rùn. Kété lẹ́yìn náà ni wíkẹ́ẹ̀tì kẹta ṣubú, ìbẹ̀rù pé wíkẹ́ẹ̀tì yóò tán sì mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dáàbò bo èyí tó kù. Bọ́ọ̀lù ń lọ, rọ́ọ̀nù kò wọlé bó ṣe yẹ, ìgbá wọn sì parí sí 240 ní òpin ófà 50. Ìbẹ̀rẹ̀ Ọsirélíà tilẹ̀ burú ju tiwọn lọ, wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ti ṣubú nígbà tí rọ́ọ̀nù ṣì wà ní 47. Ṣùgbọ́n Travis Head kó rọ́ọ̀nù 137, Marnus Labuschagne dúró tì í pẹ̀lú 58 tí kò jáde, Ọsirélíà sì parí rẹ̀ pẹ̀lú 241/4 nínú ófà 43, wọ́n gba ife náà fún ìgbà kẹfà. Ẹni tó bá wo ófà àárín ti Índíà dáadáa ti mọ̀ ṣáájú kí iná alẹ́ tó tàn pé rọ́ọ̀nù wọn kò tó.

Bí ikọ̀ kejì bá ti ń lé, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ máa bi ara yín ní òpin ófà kọ̀ọ̀kan: rọ́ọ̀nù mélòó ló kù, bọ́ọ̀lù mélòó ló kù, wíkẹ́ẹ̀tì mélòó ló kù? Tẹlifíṣọ̀n sábà máa ń fi ìyára tí wọ́n nílò hàn, iye rọ́ọ̀nù fún ófà kan, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn kò mọ wíkẹ́ẹ̀tì rárá. Ní ọjọ́ 7 oṣù Bélú ọdún 2023, ní pápá Wankhede ní Mumbai, Afghanistan kó rọ́ọ̀nù 291, Ọsirélíà sì wà ní 91/7 nínú ófà 18.3. Ó ku rọ́ọ̀nù 201, bọ́ọ̀lù tó kù sì jẹ́ 189, ìyẹn kò burú jù, wíkẹ́ẹ̀tì ló wọ́n. Pat Cummins, tó jẹ́ balógun ikọ̀, mọ èyí, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ dáàbò bo wíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó kó rọ́ọ̀nù 12 péré nínú bọ́ọ̀lù 68, Glenn Maxwell sì ń gbá ìyókù lójú kan, iṣan ń fà á débi pé kò lè sáré mọ́. Rọ́ọ̀nù 201 ni Maxwell dá kó láì jáde, Ọsirélíà sì borí nígbà tó ku bọ́ọ̀lù 19. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí Maxwell nìkan, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, rọ́ọ̀nù 12 ti Cummins ni ẹ̀kọ́ tó dára jù fún ẹni tó fẹ́ mọ eré yìí.

Ṣáájú gbogbo èyí, wọn yóò ti ju owó ẹyọ, ẹni tó bá borí ni yóò yan bóyá òun yóò kọ́kọ́ gbá tàbí òun yóò kọ́kọ́ jù. Ẹ gbìyànjú láti wò ó, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí balógun ikọ̀ bá sọ níbẹ̀ ń fi ohun tó rò nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ hàn. Níbi tí ìrì bá ti ń sẹ̀ lálẹ́, bọ́ọ̀lù a máa yọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń jù ú, lílé rọ́ọ̀nù yóò sì rọrùn. Cummins borí nínú owó ẹyọ ọjọ́ àṣekágbá Ahmedabad, ó sì yàn láti kọ́kọ́ jù níwájú èrò tó ń pariwo fún Índíà. Ilẹ̀ tó le fún àwọn oníbátì ní ọ̀sán dẹ̀ fún wọn ní alẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rò.

Àtẹ ìdíje àti ìṣirò ìyára

Ẹni tó bá ń wo eré kan ṣoṣo kò nílò ìpín yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé ìdíje láti òkè délẹ̀ kò lè ṣe láì mọ̀ ọ́n. Àmì méjì ni ikọ̀ ń gbà bó bá borí. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì tàbí tí òjò pa eré náà run, ẹnì kọ̀ọ̀kan a gba àmì kan. Ní ọdún 2019 àti 2023, ikọ̀ mẹ́wàá ló kópa, ọ̀kọ̀ọ̀kan pàdé gbogbo àwọn mẹ́sàn-án yòókù, àwọn mẹ́rin tó wà lókè sì lọ sí ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ó wọ́pọ̀ kí àmì ikọ̀ méjì dọ́gba. Bí iye eré tí wọ́n borí náà bá dọ́gba, ìṣirò ìyára tí wọ́n kọ NRR sí lórí àtẹ ni yóò yà wọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á ṣe àròpọ̀ gbogbo rọ́ọ̀nù tí ikọ̀ náà ti kó láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje, wọ́n á fi iye ófà tó gbá pín in; wọ́n á ṣe bákan náà fún rọ́ọ̀nù tí àwọn alátakò kó lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ èkejì kúrò nínú èkíní. Kókó kan wà nínú rẹ̀ tó ń pa ènìyàn lára: bí wíkẹ́ẹ̀tì ikọ̀ kan bá tán kí ófà 50 tó pé, ófà 50 náà ni wọ́n á fi pín rọ́ọ̀nù rẹ̀, bí ẹni pé ó lò ó tán. Ẹni tó fi wíkẹ́ẹ̀tì ṣòfò kò ní rí àǹfààní kankan nínú bọ́ọ̀lù tí kò gbá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Pakístánì ní ọdún 2019 fi hàn bí èyí ṣe lágbára tó. Nínú eré wọn àkọ́kọ́ ní Nottingham, West Indies lé wọn jáde ní 105 láàárín ófà 21.4, wọ́n sì kó 108 láàárín ófà 13.4. Nínú ìṣirò, 105 pín sí 50 jẹ́ 2.10, 108 pín sí ófà 13 àti bọ́ọ̀lù mẹ́rin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7.90. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, Pakístánì ti jin sí kòtò -5.80. Wọ́n tún ara wọn ṣe lẹ́yìn náà, wọ́n borí New Zealand pàápàá ní Edgbaston, wọ́n sì parí pẹ̀lú àmì 11, bákan náà ni New Zealand. Eré márùn-ún ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn borí. Ṣùgbọ́n ìṣirò ìyára New Zealand jẹ́ +0.175, ti Pakístánì sì jẹ́ -0.430. Ní eré wọn tó gbẹ̀yìn pẹ̀lú Bangladesh ní Lord's, Pakístánì kó rọ́ọ̀nù 315, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n gbọ́dọ̀ lé gbogbo Bangladesh jáde kí wọ́n tó kọjá rọ́ọ̀nù méje kí ọ̀nà tó lè ṣí. Kò pẹ́ rárá tí Bangladesh fi kọjá méje, Pakístánì borí nínú eré náà, wọ́n sì lọ sílé. New Zealand tí wọ́n ti nà lọ dé àṣekágbá.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ikọ̀ tó ti mọ̀ pé òun yóò pàdánù, síbẹ̀ tó ń dúró lórí pápá títí dé ófà àádọ́ta, ẹ má ṣe rò pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ikọ̀ tó ti borí tán lójú gbogbo ènìyàn, síbẹ̀ tó ń kánjú láti parí rẹ̀ nínú ófà 35 dípò 45. Nọ́ńbà kékeré tó wà ní ìkángun àtẹ ni àwọn méjèèjì ń bá wí. Ìsàlẹ̀ àtẹ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: ní ọdún 2023, ipò àtẹ náà ni wọ́n fi yan àwọn tí yóò bá Pakístánì, olùgbàlejò, kópa nínú ìdíje Champions Trophy ọdún 2025. Bangladesh, Sri Lanka àti Netherlands ní àmì mẹ́rin mẹ́rin, ìṣirò ìyára ló sì fún Bangladesh ní ipò kẹjọ.

Bí òjò bá dé

Kríkẹ́ẹ̀tì kò ṣeé gbá nínú òjò. Kí èsì tó lè wà nínú eré ọlọ́jọ́ kan, ikọ̀ kejì gbọ́dọ̀ ní àǹfààní láti gbá ó kéré tán ófà 20, àyàfi bí eré bá ti parí kí ó tó dé ibẹ̀. Ìdíje ọdún 1992 ló fi hàn jù bí òjò ṣe ń ṣojúure fún ẹnì kan, tó sì ń ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Ní Adelaide, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé Pakístánì jáde ní rọ́ọ̀nù 74, àwọn fúnra wọn sì ti wà ní 24/1 nígbà tí òjò pa eré náà. Àmì kan tí Pakístánì rí gbà lọ́jọ́ náà ló jẹ́ kí wọ́n ní 9 nígbà tí Ọsirélíà ní 8, wọ́n wọ ìpele tó kàn, Imran Khan, balógun ikọ̀ wọn, sì gba ife náà ní Melbourne, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn kan náà ni wọ́n sì borí ní àṣekágbá. Ní Sydney ní tirẹ̀, Gúúsù Áfíríkà, tí ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ wọn nínú ìdíje náà, ń wá rọ́ọ̀nù 22 nínú bọ́ọ̀lù 13 láti wọ àṣekágbá. Òjò rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló kù fún wọn, rọ́ọ̀nù tí wọ́n ń wá kò sì dín ju ẹyọ kan lọ, nítorí pé òfin ìgbà yẹn ń yọ ófà tí ikọ̀ àkọ́kọ́ ti kó rọ́ọ̀nù tó kéré jù kúrò. Ìyà tí kò tọ́ sí wọn ni, mo sì rò pé kò sí ẹni tó wò ó tí inú rẹ̀ dùn, àní àwọn tó borí pàápàá.

Frank Duckworth àti Tony Lewis, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, ló gbé ọ̀nà tó dára jù kalẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1997 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó, nínú eré Zimbabwe àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Steven Stern tún un ṣe lẹ́yìn náà, ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí DLS lójú tẹlifíṣọ̀n. Ìṣirò inú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò le rárá fún ẹni tó ti gba ohun tí mo sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́. Ikọ̀ tó ní ófà 50 àti wíkẹ́ẹ̀tì 10 ní ohun ìní rẹ̀ pé pérépéré. Bí òjò bá gba ófà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á wo iye wíkẹ́ẹ̀tì tó ṣì ní, wọ́n á ṣírò ohun ìní tó pàdánù, wọ́n á sì tún iye rọ́ọ̀nù tó ń lé ṣe. Ẹni tó pàdánù ófà mẹ́wàá nígbà tí wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án kù lọ́wọ́ rẹ̀ pàdánù púpọ̀ ju ẹni tí wíkẹ́ẹ̀tì méjì péré kù fún lọ.

Nígbà tí ojú ọjọ́ bá ṣú, tẹlifíṣọ̀n yóò fi iye kan hàn lẹ́yìn bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan: iye tó yẹ kí ikọ̀ kejì ti kó bí eré bá dúró nísinsìnyí. Ẹ fi sọ́kàn pé bí wọ́n bá kó iye náà gan-an, ọ̀mì ni. Àfi kí wọ́n fi ẹyọ kan lé e kí wọ́n tó borí. Gúúsù Áfíríkà, tó gba ìdíje ọdún 2003 lálejò, kọ́ èyí ní Durban. Òjò ń bọ̀, wọ́n ń bá Sri Lanka gbá, Mark Boucher sì gbá bọ́ọ̀lù kan fún mẹ́fà tó gbé wọn dé 229. Iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i ni pé 229 ti tó. Ó rọra dá bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn dúró, òjò sì lé gbogbo wọn wọlé. 230 ni wọ́n ń wá. Wọ́n ta ọ̀mì, ìdíje sì parí fún wọn ní ilé ara wọn.

Ní àwọn ìpele tó gbẹ̀yìn, wọ́n máa ń fi ọjọ́ kan pamọ́ fún òjò. Ọjọ́ méjì ni Índíà àti New Zealand fi gbá eré wọn tó kángun sí àṣekágbá ní Manchester ní ọdún 2019.

Bí rọ́ọ̀nù bá dọ́gba

Ní ọdún 1999, ní Edgbaston, Ọsirélíà àti Gúúsù Áfíríkà dọ́gba ní 213 nínú eré tó kángun sí àṣekágbá. Rọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ni Gúúsù Áfíríkà ń wá nígbà tí èdè-àìyedè ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn oníbátì wọn méjì, Lance Klusener àti Allan Donald, tí wíkẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn sì ṣubú. Ọsirélíà ló lọ sí àṣekágbá, kìkì nítorí pé wọ́n wà lókè wọn lórí àtẹ ìpele tó ṣáájú. Lónìí, ófà kan ṣoṣo fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń parí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wíkẹ́ẹ̀tì méjì péré sì ni wọ́n ní nínú rẹ̀. Ní àṣekágbá ọdún 2019 ní Lord's, New Zealand àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba ní 241, wọ́n tún dọ́gba ní 15 nínú ófà àfikún náà, wọ́n sì gbé ife fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé bọ́ọ̀lù 26 tiwọn ló dé ààlà, ti New Zealand sì jẹ́ 17. Wọ́n ti pa òfin yẹn rẹ́ ní ọdún náà gan-an, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Bí ófà àfikún bá dọ́gba nísinsìnyí, wọn yóò tún òmíràn gbá títí ẹnì kan yóò fi borí.

Ìmúrasílẹ̀ fún ọdún 2027

Ètò rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọdún 2023. Ìsọ̀rí méjì ni yóò wà, ikọ̀ méje méje nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́ta tó bá ṣáájú nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan yóò sì para pọ̀ di mẹ́fà kí wọ́n tó yan mẹ́rin. Eré 54 ni gbogbo rẹ̀. Gúúsù Áfíríkà àti Zimbabwe ti wọlé gẹ́gẹ́ bí olùgbàlejò, ṣùgbọ́n Namibia ṣì gbọ́dọ̀ dù ú bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olùgbàlejò lòun náà. Ìtò ipò ikọ̀ àgbáyé ní ọjọ́ 31 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2027 ni yóò mú àwọn mẹ́jọ wọlé, nítorí náà àwọn eré tí ó bá wáyé ṣáájú ọjọ́ yẹn yẹ ní wíwò. Ikọ̀ àgbà Nàìjíríà kò tíì dé Ife Àgbáyé yìí, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa tí ọjọ́ orí wọn kò tó 19 ti gbá irú eré olófà 50 yìí ní Ife Àgbáyé tiwọn ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2020, ìgbà àkọ́kọ́ wọn níbẹ̀. Kẹ́ńyà sì dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá ní ọdún 2003, nítorí náà kò yẹ kí ẹ fojú kéré ikọ̀ kékeré tó bá wọlé láti ilẹ̀ Áfíríkà.

Eré kan lè gba wákàtí mẹ́jọ, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí wákàtí méjì péré ni ẹ ní, ẹ má ṣe fi wo ìparí ìgbá àkọ́kọ́, nítorí pé ẹ ó rí rọ́ọ̀nù mẹ́fà mẹ́fà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní mọ bóyá ó tó tàbí kò tó. Ẹ ka èsì ìgbá àkọ́kọ́ lórí ìkànnì ICC, àjọ kríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, tàbí áàpù wọn, ẹ wo iye wíkẹ́ẹ̀tì tó ṣubú nínú ófà mẹ́wàá àkọ́kọ́ àti nínú àwọn ófà àárín, kí ẹ sì jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n láti nǹkan bíi ófà 25 ti ikọ̀ kejì. Ní ọjọ́ tí eré ìsọ̀rí bá ń parí, ẹ ṣí àtẹ ìdíje sílẹ̀ lórí fóònù yín ní ẹ̀gbẹ́ eré náà, kí ẹ sì wá NRR àwọn ikọ̀ tí àmì wọn dọ́gba kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́.